Wọ́n fi ojú ọmọ mi ṣe sítíkà ní WhatsApp: ẹ gbà mí nímọ̀ràn

ÌyáOníbúrẹ́dì, Ìbàdàn

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin èèyàn mi. Kíkà ni mo máa ń kà níbí, n kì í sábà kọ nǹkan kan, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ yìí ti gba oorun lójú mi láti ọjọ́ mẹ́rin.

Ọmọ mi obìnrin pé ọdún 13 lóṣù kẹta. JSS 3 ló wà. Ó sùn lọ nínú kíláàsì lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ó lanu sílẹ̀, itọ́ ń ṣàn sórí ìwé rẹ̀. Ẹnì kan yọ fóònù, ó yà á. Wọ́n gé orí rẹ̀ jáde nínú àwòrán náà, wọ́n kọ "BÚRẸ́DÌ TI JÓNÁ" sí abẹ́ rẹ̀, torí pé búrẹ́dì ni mò ń tà ní ìkóríta tó kángun sí ilé ẹ̀kọ́ wọn. Wọ́n sọ ọ́ di sítíkà. Láti ìgbà náà, ohunkóhun tí ẹnikẹ́ni bá sọ ní gúrúùpù kíláàsì wọn, sítíkà yẹn ni wọ́n fi ń dáhùn. Ẹnì kan bèèrè iṣẹ́ àmúrelé, sítíkà. Ẹnì kan ń ṣe ọjọ́ìbí, sítíkà. Mo jókòó kà á: ó jẹ́ 46 láàárín ọjọ́ kan ṣoṣo. Kò sí tíṣà kankan nínú gúrúùpù náà, àwọn ọmọ ló dá a sílẹ̀.

Òun kọ́ ló sọ fún mi o. Ohun tó jẹ́ kí n fura ni pé kò gba iwájú ìsọ̀ mi kọjá mọ́. Tẹ́lẹ̀, tó bá ń bọ̀ láti ilé ẹ̀kọ́, á yà, á mú búrẹ́dì kékeré kan, á máa jẹ ẹ́ lọ sílé. Ó wá di pé ẹ̀yìn ilé àwọn alákàrà ló ń gbà.

Bàbá rẹ̀ ní kí n gba fóònù náà kí n tì í mọ́ inú àpótí títí á fi wọ SS 1. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ní ká lọ dúró de ọmọ tó yà á ní géètì, ká fi ojú rẹ̀ gbolẹ̀. Èmi ò mọ èyí tí ǹ bá ṣe. Ẹ gbà mí.

BàbáRere, Abẹ́òkúta

Ẹ gba fóònù náà, ọ̀rọ̀ bùṣe. Kí ni ọmọ ọdún 13 fẹ́ fi fóònù ṣe gan-an? Nígbà tiwa, bí wọ́n bá pe èèyàn ní olórí ńlá, á bá wọn wọ̀yá ìjà lẹ́yìn ilé ẹ̀kọ́, ó tán. Kò sí fóònù, kò sí sítíkà.

Akẹ́kọ̀ọ́Ifẹ̀

Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ má bínú pé mo dá sí ọ̀rọ̀ àgbà. Ọmọ ogún ọdún ni mí, irú ẹ̀ sì ti ṣẹlẹ̀ sí mi rí. Nígbà tí mo wà ní SS 1, wọ́n fi orúkọ àti fọ́tò mi ṣí Instagram tí kì í ṣe tèmi, wọ́n ń fi kọ ìsọkúsọ sí àwọn ọmọkùnrin ilé ẹ̀kọ́ wa bí ẹni pé èmi ni. Oṣù mẹ́jọ gbáko ni mi ò fi sọ fún màmá mi. Kì í ṣe ẹgba ni mo bẹ̀rù. Mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ tó máa jáde lẹ́nu wọn ni "mú fóònù yẹn wá". Olè ti jí owó mi, wọ́n á wá tún gba àpò mọ́ mi lọ́wọ́.

Tí ẹ bá gba fóònù, àwọn ọmọ yẹn ò ní dákẹ́. Wọ́n á máa ṣe é lọ, ọmọ yín nìkan ni ò ní rí i mọ́, á wá máa rò ó lórí ibùsùn pé kí ni wọ́n ń sọ báyìí. Èyí tí èèyàn ń fọkàn rò máa ń burú ju èyí tó fojú rí lọ. Bẹ́ẹ̀ ọ̀rẹ́ kan tàbí méjì tó ṣì ń bá a sọ̀rọ̀ dáadáa, inú fóònù yẹn náà ni wọ́n wà.

Mà, ẹ ṣe ohun kan fún mi. Lálẹ́ òní, kí ẹ tó sọ nǹkan mìíràn, ẹ sọ fún un pé: "Mi ò ní gba fóònù lọ́wọ́ ẹ." Kí ẹ wá dákẹ́. Ẹ má tíì bi í ní ìbéèrè kankan.

BàbáRere, Abẹ́òkúta

Mo gbọ́, ọmọ mi, pẹ̀lẹ́ o. Ṣùgbọ́n mi ò tíì yí ohùn padà. Ilé tó ń jóná, a kì í fi ọmọ sílẹ̀ síbẹ̀ ká ní ọ̀rẹ́ rẹ̀ wà níbẹ̀.

Adúrótini

Olúwa á jà fún ọmọ náà. Màmá, ẹ má bínú o, búrẹ́dì ọ̀hún, ìkóríta wo lẹ ti ń tà á?

Alábòójútó

Ẹ jẹ́ ká fi ọ̀rọ̀ búrẹ́dì sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan ná. Ìyá Oníbúrẹ́dì, ẹ má sì dárúkọ ilé ẹ̀kọ́ tàbí ọmọ kankan níbí, torí gbogbo ayé ló ń kà á.

AtúnFóònùṣe, Ìlọrin

Ẹ kú ìnira, Mà. Iṣẹ́ fóònù ni mò ń ṣe, ó ti lé lọ́dún mẹ́wàá, ọ̀rọ̀ báyìí kì í jìnnà sí ìsọ̀ mi. Ìyá á gbé fóònù wá pé kí n bá òun wá ọ̀rọ̀ tí òun ti pa rẹ́ jáde, torí ilé ẹ̀kọ́ ń bèèrè ẹ̀rí. Nítorí náà, ẹ má tíì pa nǹkan kan rẹ́, bó ti wù kó rí yín lára tó.

Ẹ ya screenshot, kí ọjọ́ àti aago hàn níbẹ̀. Orúkọ tí ọmọ yín fi pa nọ́ńbà mọ́ kò tó ẹ̀rí. "Aláǹgbá JSS 3" lè jẹ́ ẹnikẹ́ni. Ẹ tẹ orúkọ náà kí nọ́ńbà jáde, ẹ ya ìyẹn náà. Lẹ́yìn èyí, ẹ wọ inú gúrúùpù, ẹ tẹ ẹ̀kán mẹ́ta tó wà lókè, ẹ wá Export chat, ẹ fi gbogbo rẹ̀ ránṣẹ́ sí ímeèlì tiyín. Tó bá jẹ́ fọ́tò tí wọ́n fi ránṣẹ́ pé kí èèyàn wò lẹ́ẹ̀kan péré, WhatsApp ò ní jẹ́ kí ẹ ya screenshot rẹ̀. Fóònù mìíràn ni kí ẹ fi yà á láti òkè kí ẹ tó pa á dé.

Kí n wá sọ òótọ́ kan tó dunni. Sítíkà kì í kú bọ̀rọ̀. Ẹni tó bá ti tẹ̀ ẹ́ tó sì fi sínú Favourites, ó ti di tirẹ̀ nìyẹn. Bí ẹ bá tiẹ̀ pa gúrúùpù náà rẹ́ ráúráú, ó ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀, ọ̀la ni á tún fi ránṣẹ́ síbòmíràn. Ẹ má ṣèlérí fún ọmọ yín pé ó máa pòórá. Àwọn òbí máa ń sọ bẹ́ẹ̀ láti fi tù wọ́n nínú. Tí sítíkà náà bá wá yọjú lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, ọmọ ò ní gba ọ̀rọ̀ wọn gbọ́ mọ́. Ohun tó ṣeé ṣe ni pé kí ẹ wá ọmọ tó jẹ́ admin. Láti 2022, admin lè pa ohun tí ẹlòmíì fi sí gúrúùpù rẹ́ fún gbogbo èèyàn. Ọmọ kan péré lẹ máa bá sọ̀rọ̀, dípò ogójì.

Kí ọmọ tó jáde nínú gúrúùpù, kó tẹ Report. WhatsApp á rí ọ̀rọ̀ márùn-ún tó gbẹ̀yìn, wọn ò sì ní sọ fún ẹni tí ẹ fi sùn. Márùn-ún péré o! Nítorí náà, ìgbà tí ìwà burúkú náà ṣì ń gbóná ni kí ẹ tẹ̀ ẹ́. Tí ẹ bá dúró dọ̀la, "ẹ káàárọ̀" márùn-ún ni wọ́n máa rí. Ìjáde fúnra rẹ̀ kò ní ariwo mọ́, admin nìkan ni WhatsApp máa sọ fún pé ó ti lọ.

Tó bá ti jáde, wọ́n á dá òmíràn sílẹ̀, wọ́n á fà á wọ̀ ọ́. Ẹ lọ sí Settings, Privacy, Groups. Everyone ló máa wà níbẹ̀. My contacts ò ràn yín lọ́wọ́, torí àwọn ọmọ kíláàsì náà ni contacts rẹ̀. Èyí tí wọ́n kọ except sí lẹ́yìn ni kí ẹ mú, kí òun fúnra rẹ̀ wá fi ìka mú àwọn tí kò fẹ́. Ohun kan náà ni kí ẹ ṣe fún fọ́tò ojú rẹ̀ àti Status.

Kí òun fúnra rẹ̀ ni mo sọ o. Ẹ má gba fóònù kí ẹ máa tẹ̀ ẹ́ bí ẹní ń fọ ìṣasùn.

ÌyáOníbúrẹ́dì, Ìbàdàn

Ẹ ṣeun púpọ̀, ọmọ mi. Mo ti kọ ọ́ sínú ìwé. Mo sọ ohun tí àbúrò wa ti Ifẹ̀ ní kí n sọ. Ó wo ojú mi fún ìgbà díẹ̀, ó ní, "Dádì ńkọ́?" Mo ní Dádì náà ò ní gbà á. (Mi ò tíì bá bàbá rẹ̀ sọ ọ́ nígbà yẹn o, ẹ máa bá mi bẹ Ọlọ́run.)

TíṣàÀná, Òṣogbo

Ọdún 31 ni mo fi ṣiṣẹ́ tíṣà kí n tó fẹ̀yìn tì. Ẹ̀gbọ́n yín tó ní kí ẹ lọ dúró ní géètì, ẹ bá mi kí wọn, ṣùgbọ́n ẹ má lọ. Bí àgbàlagbà bá di ọmọ ọlọ́mọ mú lẹ́nu géètì, ọ̀rọ̀ sítíkà parí lójú ilé ẹ̀kọ́ nìyẹn, ọ̀rọ̀ ìyá tó wá jà ló kù. Àwọn ọmọ náà á sì rí fídíò tuntun fi ṣeré.

Ẹ kọ lẹ́tà. Ojú ewé kan tó. Ẹ kọ ọjọ́, ohun tó ṣẹlẹ̀, ẹ so àwọn screenshot mọ́ ọn, ẹ sì mú ẹ̀dà kan tí wọ́n fọwọ́ sí lọ sílé. Ẹ bèèrè olùdámọ̀ràn àwọn akẹ́kọ̀ọ́, kí ẹ tó bèèrè pírínsípà. Ẹ mọ ohun tí ẹ ń fẹ́ kí ẹ tó wọlé. "Ẹ bá mi dá sí i" kì í ṣe ohun tí ilé ẹ̀kọ́ mọ bí wọ́n ṣe ń ṣe. "Mo fẹ́ kí ẹ rí i pé admin pa á rẹ́ kó tó di Friday" ni nǹkan tí wọ́n lè ṣe.

Ohun kan wà tí ẹ gbọ́dọ̀ bẹ̀ wọ́n kí wọ́n má ṣe, torí òun gan-an ló máa kọ́kọ́ sọ sí wọn lọ́kàn. Ẹ ní kí wọ́n má pe ẹnikẹ́ni jáde lórí ìlà àárọ̀. Èmi ti ṣe é rí. Ọmọkùnrin kan ń kọ nǹkan nípa ọmọbìnrin kan sí Facebook, mo pè é jáde, mo fún un ní ẹgba mẹ́fà níwájú gbogbo ilé ẹ̀kọ́, mo sì rò pé mo ti gbèjà ọmọbìnrin yẹn. Ẹni tí kò mọ ọ̀rọ̀ náà tẹ́lẹ̀ wá mọ̀ ọ́n. Ọmọ 300 ló lọ wá ojú ìwé náà kà lálẹ́ ọjọ́ yẹn. Orúkọ tuntun tí wọ́n fún ọmọbìnrin náà ni Aṣòfófó, ó sì bá a dé ọjọ́ tó jáde. Mo ṣì ń rántí bó ṣe dúró lórí ìlà, tó ń wo bàtà rẹ̀, tí mò ń ka ẹgba.

Nọ́ọ̀sìÀkúrẹ́

Ẹ ṣé, bàbá, fún òtítọ́ yẹn.

Ìyá Oníbúrẹ́dì, ṣé ó ń jẹun? Ṣé ó ń sùn? Inú rírun ní àárọ̀ Monday tí kò sí ní Saturday, orí fífọ́ tí oògùn ibà ò ràn, ọmọ tó fẹ́ràn fóònù tó wá ń dà á délẹ̀ bí ìró bá ti dún: ibẹ̀ la máa ń wò. Tí ẹ bá gbọ́ "ó sàn kí n má sí láyé", ẹ má bá a wí, ẹ má sì sọ fún un pé ọ̀rọ̀ ọmọdé ni. Ẹ bi í tààrà bóyá ó ti ń ro bó ṣe máa ṣe é. Bíbéèrè kò ní fi sí i lọ́kàn. Ẹ má fi òun nìkan sílẹ̀, ẹ kó oògùn àti oògùn eku kúrò nílẹ̀, kí ẹ gbé e lọ sílé ìwòsàn lọ́jọ́ náà. Ìbàdàn lẹ wà, UCH ní ẹ̀ka tó ń tọ́jú ọpọlọ àwọn ọmọdé àti ọ̀dọ́, kì í ṣe ibi wèrè, kí ẹnikẹ́ni má fi ìyẹn dẹ́rù bà yín. Tiwọn ní Abẹ́òkúta, Àrò ò jìnnà sí wọn.

ẸniTíÒFẹ́KọOrúkọ

Mo ti kọ ọ̀rọ̀ yìí, mo tún pa á rẹ́, lẹ́ẹ̀mejì. Ọmọ tèmi ló ṣe irú ohun tí ẹ ń sọ yìí.

Ó ti lé ní ọdún kan. Mò ń wá fọ́tò ìsìnkú bàbá mi nínú fóònù rẹ̀ ni mo rí i. Ojú ọmọbìnrin kan, wọ́n fi imú ẹlẹ́dẹ̀ sí i. Mo bi í, ó ní, "Mọ́mì, eré ni, gbogbo èèyàn ló ń rẹ́rìn-ín." Mo ní ọmọbìnrin náà ńkọ́, ṣé òun náà rẹ́rìn-ín? Kò dáhùn.

Mo ṣe àṣìṣe kan tí mi ò fẹ́ kí ẹlòmíì ṣe. Mo ní kó fi ohùn rẹ̀ tọrọ àforíjì nínú gúrúùpù níṣojú mi. Ó ṣe é. Láàárín ìṣẹ́jú kan, ojú ẹ̀rín méjìlá ti jáde sí abẹ́ rẹ̀, àwọn kan sì ti gé ohùn náà, wọ́n sọ ọ́ di nǹkan yẹ̀yẹ́. Ọmọ ọlọ́mọ tún di ẹni àmúpìtàn lẹ́ẹ̀kejì, nítorí àforíjì tèmi.

Ẹ̀ẹ̀kejì, mo kọ́kọ́ pe ìyá ọmọ náà lórí fóònù, mo gbé ọsàn, èmi àti ọmọ mi lọ sílé wọn. Ìyá ò jẹ́ ká kọjá ọ̀dẹ̀dẹ̀, mi ò sì bá a jà, ẹ̀tọ́ rẹ̀ ni. Ọmọbìnrin náà jáde, ó gbọ́ gbogbo ẹ̀bẹ̀ náà, ó ní ohun kan ṣoṣo: "Ṣé o lè dá wọn dúró?" Ọmọ mi ò mọ ohun tó máa sọ. Láti ọjọ́ náà, iṣẹ́ rẹ̀ nìyẹn. Ó ń lọ bá wọn lẹ́nì kọ̀ọ̀kan, kì í ṣe nínú gúrúùpù, pé kí wọ́n bá òun pa á rẹ́. Àwọn kan gbà, àwọn kan bú u. Ó gbà á ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, mo sì ń bi í lálaalẹ́ pé èèyàn mélòó lónìí.

Ìyá Oníbúrẹ́dì, bí ìyá ọmọ yẹn bá wá sílé yín, ẹ lè má fún un ní àga. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí ọmọ yín sọ ohun tó fẹ́ fún un.

ÌyáOníbúrẹ́dì, Ìbàdàn

Mo ka èyí, mo sunkún. Ẹ ṣeun tí ẹ kò pa á rẹ́ lẹ́ẹ̀kẹta.

Agbẹjọ́rò_Ìta

Ẹnì kan bi mí ní kọ̀rọ̀ pé ṣé a ò lè fi ọlọ́pàá mú ọmọ náà. Ẹ jẹ́ kí n dáhùn níbí. Abala 24 nínú òfin Cybercrimes ti 2015 ni gbogbo èèyàn máa ń tọ́ka sí. Wọ́n tún un ṣe ní 2024, wọ́n sì dín ohun tó ń bá wí kù: àwòrán ìhòòhò, tàbí irọ́ tí ẹni tó fi ránṣẹ́ mọ̀ pé irọ́ ni, tó sì lè da ìlú rú tàbí kó fi ẹ̀mí wewu. Sítíkà ọmọ tó ń sùn ò sí níbẹ̀.

Òfin ẹ̀tọ́ ọmọdé ti 2003 ló sún mọ́ ọn jù. Ìpínlẹ̀ mẹ́fẹ̀ẹ̀fà tó wà ní Gúúsù Ìwọ̀-Oòrùn ti sọ ọ́ di tiwọn. Abala 11 sọ pé ẹnikẹ́ni ò gbọ́dọ̀ pa ọmọ lára, ìbáà ṣe ara ìbáà ṣe ọkàn. Ẹ kọ abala yẹn sínú lẹ́tà yín, ilé ẹ̀kọ́ máa ń tètè jí. Ṣùgbọ́n ẹ rántí pé òfin kan náà ló ń dáàbò bo ọmọ tó ṣẹ̀ yín: abala 204 ò gbà kí wọ́n gbé ọmọ tí kò tíì pé 18 lọ sí kóòtù bí ọ̀daràn àgbà. Bí ọlọ́pàá kan bá gba owó lọ́wọ́ yín láti "dẹ́rù bà á díẹ̀", owó yín ló jẹ.

ÌyáÌbejì, Ìkòròdú

Tó bá jẹ́ ìhòòhò ńkọ́? Ọmọ àbúrò mi ni, ọmọkùnrin ọdún 16. Wọ́n ní kó san owó, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ wọ́n á fi ránṣẹ́ sí gbogbo ìjọ.

Agbẹjọ́rò_Ìta

Ọ̀rọ̀ mìíràn pátápátá nìyẹn, kíákíá sì ni. Kó má san kọ́bọ̀. Ẹni tó bá san lẹ́ẹ̀kan, wọ́n á padà wá. Kó má pa ọ̀rọ̀ rẹ́, ṣùgbọ́n ẹ̀yin náà ẹ má ya screenshot ìhòòhò náà, ẹ má fi ránṣẹ́ sí ẹ̀gbọ́n tàbí pásítọ̀ pé "ẹ wo ohun tí wọ́n ń fi dẹ́rù bà á". Àwòrán ìhòòhò ọmọdé ni lójú òfin, ọwọ́ ẹnikẹ́ni tó bá wà. Ẹ ya ọ̀rọ̀ ìhàlẹ̀ àti nọ́ńbà àkáǹtì, ẹ gbé fóònù fúnra rẹ̀ lọ sọ́dọ̀ ẹ̀ka ọlọ́pàá tó ń rí sí ìwà ọ̀daràn orí ayélujára. Abala 24 bá ìyẹn mu dáadáa.

Ẹ wá Take It Down lórí Google. Àjọ NCMEC ti Amẹ́ríkà, tó ń dáàbò bo àwọn ọmọdé, ló ni ín, wọ́n dá a sílẹ̀ ní 2023, ọ̀fẹ́ ni. Àwòrán náà ò ní kúrò lórí fóònù ọmọ. Kọ̀ǹpútà á sọ ọ́ di nọ́ńbà gígùn kan bí ìtẹ̀ka, nọ́ńbà yẹn nìkan ni wọ́n máa fún Facebook, Instagram, TikTok àtàwọn mìíràn, kí wọ́n lè dá àwòrán náà mọ̀ kí wọ́n sì yọ ọ́.

Ẹ má rò pé ọ̀rọ̀ kékeré ni. Ní 2022, ọmọkùnrin ọmọ ọdún 17 kan ní ìpínlẹ̀ Michigan gba ẹ̀mí ara rẹ̀ lẹ́yìn wákàtí díẹ̀ tí wọ́n halẹ̀ mọ́ ọn báyìí. Tẹ̀gbọ́n tàbúrò láti Èkó ló wà nídìí rẹ̀, wọ́n ṣe bí ọmọbìnrin lórí Instagram. Ilé ẹjọ́ Amẹ́ríkà fi wọ́n sẹ́wọ̀n ọdún 17 àti ààbọ̀ ní 2024. Ẹ lọ bá ọmọ àbúrò yín jókòó nísinsìnyí, ẹ padà wá kà á tó bá yá.

ÌyáÌbejì, Ìkòròdú

Mo ti ń wọ bàtà.

BàbáKẹ́hìndé, Peckham

Níbí, ohùn ni wọ́n fi ń ṣe ọmọ mi. Wọ́n á gba orúkọ rẹ̀ sílẹ̀ bí ìgbà tí ewúrẹ́ ń ké, wọ́n á fi ránṣẹ́ sí i láago mọ́kànlá òru. Ó wá ní òun fẹ́ máa jẹ́ Kenny. Mo rò pé oge ni.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà nílùú ọba, bí ilé ẹ̀kọ́ bá sọ fún yín pé "ilé ló ti ṣẹlẹ̀, kò kàn wá", ẹ má gbà. Òfin ẹ̀kọ́ ti 2006 fún ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ ìjọba ní England lágbára láti bá ọmọ wí fún ohun tó ṣe lẹ́yìn géètì. Mo tẹ̀ ẹ́ jáde, mo gbé e lé tábìlì, ohùn wọn rọ̀. Fún ọmọ tí kò bá fẹ́ bá òbí sọ ọ́, Childline wà ní 0800 1111, ọ̀fẹ́ ni, kì í sì í hàn nínú bíìlì fóònù. Tèmi pè é kó tó sọ fún mi. Ó dùn mí díẹ̀, kí n má purọ́, ṣùgbọ́n ó pè.

ÌyáOníbúrẹ́dì, Ìbàdàn

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o. Ọ̀sẹ̀ méjì ààbọ̀ rèé, mo ní kí n wá jábọ̀.

Èmi àti ọmọ mi jọ jókòó ti fóònù náà. Òun ló ń tẹ̀ ẹ́, èmi ń kà láti inú ìwé. Ojú ewé mọ́kànlá la tẹ̀ jáde ní ilé oníkọ̀ǹpútà, ọmọkùnrin tó ń tẹ̀ ẹ́ fẹ́ rẹ́rìn-ín, ó rí ojú mi, ó gbé e mì. Mo kọ lẹ́tà bí Tíṣà ṣe sọ. Olùdámọ̀ràn ilé ẹ̀kọ́ gbà á, ó kà á tán níwájú mi, ó pe admin gúrúùpù náà nìkan sínú ọ́fíìsì. Wọn ò pe ẹnikẹ́ni jáde lórí ìlà. Admin pa wọ́n rẹ́ lọ́jọ́ náà, ó ní ọwọ́ ń dun òun.

Ohun tí mi ò retí ni ẹni tó ya fọ́tò náà. Gbogbo wa rò pé ọmọkùnrin kan báyìí ni. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ tí wọ́n jọ ń jókòó ni, èyí tó ń jẹ búrẹ́dì mi lọ́fẹ̀ẹ́ láti JSS 1. Ọmọ mi ti mọ̀ láti ọjọ́ kìíní. Òun ló fi ń gba ẹ̀yìn ilé alákàrà, kì í ṣe ìtìjú búrẹ́dì: kò fẹ́ kí n bi òun pé ọ̀rẹ́ rẹ dà. Ìyá ọmọ náà mú un wá. Mo fún wọn ní àga. Ọmọ mi ní òun ò fẹ́ gbọ́ ẹ̀bẹ̀ kankan, ó bi í pé, "Kí ló dé tó o fi yà mí?" Ọmọ náà ní òun ò mọ̀. Wọn ò tíì bá ara wọn sọ̀rọ̀, mi ò sì fi ipá mú wọn.

Sítíkà náà ṣì wà níta. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi rí i ní gúrúùpù ilé ẹ̀kọ́ mìíràn lọ́jọ́ Tuesday. Mo sọ fún ọmọ mi kí ẹlòmíì tó sọ fún un. Ó ní, "AtúnFóònùṣe ti sọ bẹ́ẹ̀ ṣebí."

Lánàá ó gba iwájú ìsọ̀ kọjá. Kò dúró, kò kí mi, ó kàn na ọwọ́ mú búrẹ́dì kékeré kan, ó ń lọ. Mi ò sọ nǹkan kan.

Adúrótini

Olúwa ṣeun! Ìkóríta wo wá ni o?

BàbáRere, Abẹ́òkúta

Mo ti ń ka gbogbo rẹ̀ láti ọjọ́ yìí, mi ò sọ̀rọ̀. Mo ní ọmọkùnrin ọmọ ọdún 14. Lálẹ́ yìí mo ní kí n dán an wò. Mo ní, "Ohunkóhun tó bá wà nínú fóònù ẹ, mi ò ní gbà á." Ó rò pé ọtí ni mo mu. Ó bi mí lẹ́ẹ̀mẹta bóyá ó dá mi lójú. Ó wá jókòó tì mí, ó ṣí i. Láti aago mẹ́jọ ló ti ń fi hàn mí, aago mẹ́wàá ti kọjá, a ò tíì dé ìdajì. AtúnFóònùṣe, ẹ jọ̀ọ́, ọ̀nà Privacy yẹn, ẹ tún un sọ fún mi díẹ̀díẹ̀. Ó ń dúró dè mí.